Ebù Inú Agolo

Ìyá mi kì í pe ilé ní ilé.
"Ulé" ni í wí, bí gbogbo ará Ìkọ̀lé àtijọ́;
iṣu di "uṣu" lẹ́nu rẹ̀, igi di "ugi".
Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í,
tí mò ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan,
tí mò ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tòun ti ikọ́ rẹ̀,
tòun ti akùkọ tó ń kọ lẹ́yìnkùlé,
tòun ti "Ṣé kò tíì tó ọ ni, Bámitálẹ́?"

Yàrá ìta ni ẹ̀rọ náà wà.
Mo fi aṣọ tábìlì tó ti gbó bò ó nítorí eruku ọyẹ́.
Òjò kò pa á, iná kò jó o,
kí ló tún kù?

Ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú rẹ̀ ti ń ké láti oṣù Òkúdù:
"Ọjọ́ mi ti pé. Sọ mí di ọ̀tun."
Ó ń kọ ọ́ sí igun ìsàlẹ̀, pupa fòò,
mo sì ń lé e kúrò bí ẹni lé eṣinṣin.
Owó rẹ̀ kò ju ti àpò sìmẹ́ńtì kan lọ.
Mo ní ó di ọ̀la.
Ọ̀la pọ̀ lọ́wọ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ, Dípẹ̀ ọmọ àbúrò mi
ki fláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù ìdánwò jáde.
Ìsọ̀ ìtẹ̀wé kan nítòsí gáréèjì ni fláàṣì ọ̀hún ti ń bọ̀.
Kí wọ́n tó gúnyán tán nílé kejì,
gbogbo fáìlì mi ti pa orúkọ dà,
ojú ẹ̀rọ ṣú, lẹ́tà funfun là á láàárín:
"San owó, kí a tó dá ọ̀rọ̀ rẹ padà fún ọ."
Ta ní ń sọ̀rọ̀? Kò lójú, kò nímú.
Olè ayé ijọ́un a máa fo ògiri;
èyí fi ìka ọmọ wa ṣílẹ̀kùn.

Dípẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní dìde,
èmi ni mo ní kí ẹ̀ṣọ́ máa sùn.

Ọmọ́yẹni àbúrò mi ló rántí agolo.
Ìdájí ló kúrò l'Ọ̀yẹ́, ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀:
agolo Bọnfítà, ìrẹsì gbígbẹ nínú rẹ̀,
dírafù kékeré nínú ìrẹsì, ó fi ọ̀rá wé e.
"Àgbẹ̀ wo," ó ní, "ló ń kó gbogbo ebù sí aba kan ṣoṣo?
Baba wa kó tirẹ̀ sí Ìtapá, ó tún kó sí Òkè-Ayédùn."
Èmi ni mo fún un níjọ́ ọdún iṣu tuntun.
Mo ti gbàgbé.

A nu ẹ̀rọ náà nù pátápátá,
bí ẹni tí ń ṣán oko tí àrùn mú.
A fi ẹ̀ṣọ́ tuntun sẹ́nu ọ̀nà, a tó dá ohunkóhun padà.
Ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀ ó lé méjìlá rọ́ wọlé.
Akùkọ kọ. Ikọ́. "Ṣé kò tíì tó ọ ni?"
Dípẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ojú.

Ṣùgbọ́n oṣù Ògún ni ebù náà dúró sí.
Oṣù Bélú ni ìyá mi lọ.
Láàárín méjèèjì, lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń lu páànù,
ó sọ orúkọ ìkùukùu kan fún mi,
èyí tí í jókòó sórí òkè kí ọyẹ́ tó dé.
Ọ̀rọ̀ kan péré. Mo gbà á sílẹ̀.
Mo ní, "Ó ti wọlé, ẹ sinmi."
N kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Mo ti bi àwọn ìyá Ùsìn, mo bi ti Odò-Orò.
Wọ́n mi orí.
Ọ̀kan ní, "Ìyá rẹ nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n."

Ní báyìí, gbogbo alẹ́ Sátidé, kí NEPA tó múná lọ,
mo ń ṣe ẹ̀dà: ọ̀kan fún agolo Ọ̀yẹ́,
ọ̀kan fún ibìkan lókè tí ojú mi kò tó,
tí Dípẹ̀ sọ pé ìkùukùu ni wọ́n ń pè é.
Mo wò ó títí.
Mo ní, a ní ọ̀rọ̀ kan fún un níhìn-ín.
A ní in tẹ́lẹ̀.